Ìwé Tí Ó Mú Lọ́yà Jiyàn

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ikán. Ó ní ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń gbé ṣíbí sẹ́nu dáadáa, tó sì ti ń fi ìwé ìròyìn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, kí ni a ó tún pè é bí kò ṣe ikán? Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Nílé ìwé, Ikán ni. Lójúde, Ikán ni. Màmá rẹ̀ kọ́kọ́ fàáké kọ́rí pé òun kò ní fi orúkọ kòkòrò pe ọmọ tí òun fi ìrora bí, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun náà gba kámú. Àwọn aládùúgbò tiẹ̀ wá ń pe òun gan-an ní Ìyá Ikán, kò sì rí wọn mú.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, Ikán ti di ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń jẹun nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán kọ́tìnì ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń gbé téèpù lọ sílé àwọn oníbàárà, á gun àkàbà, á wọn fèrèsé láti òkè dé ilẹ̀, á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà sọnù, á sì padà wá gé aṣọ. Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, máa ń sọ pé kò sí ẹni tí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ń gún tó ti Ikán. Àléébù kan ló ní: bó bá wọ ilé oníbàárà tí wọ́n to ìwé síbẹ̀, wọn á pè é pè é kó tó gbọ́.

Ìwé ìtàn ni tirẹ̀. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo ìwé tó wù ú kí òun ní sí. Kò mọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn, ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ló kàn ń kọ. Ó kọ ọ́ pé: "Ìwé kan tí obìnrin inú rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú omi, tí kì í ṣe pé ó ń wá ọkọ." Ó kọ ọ́ pé: "Ìwé ọ̀daràn tó nípọn débi pé a lè fi lu ọ̀daràn náà dákú." Ó tún kọ ọ́ pé: "Ìwé ẹyẹ, tó ní àwòrán, tí kò ní wàásù." Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ èyí tó ń dùn ún jù sí: "Ìparí ìwé aláwọ̀ ewé tí ojú ewé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, kí n lè mọ̀ bóyá àbúrò náà padà wálé."

Bàbá rẹ̀, káfíńtà ni. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é ní káfíńtà. Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé àríyànjiyàn dùn mọ́ ọn lẹ́nu ju oúnjẹ lọ. Bí o bá kí i pé ẹ kú ọ̀sán, á ní ṣé oòrùn tó wà lókè yìí lo pè ní ọ̀sán? Bí o bá gbà fún un, á bínú pé o ba òun láyọ̀ jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti gbọn ekuru pákó kúrò lára, á jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé, á ní, "Ikán, ibo la dé?" Ikán á ṣí ìwé, á máa kà á sókè fún un. Lọ́yà kì í sì í gbọ́ ìtàn lásán, ó máa ń bá àwọn èèyàn inú rẹ̀ jà ni. "Kí ló ń wá lọ sílé ọkùnrin yẹn? Ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni? Sọ fún un kó padà!" Ikán á ní, "Bàbá, ìwé ni o, kò lè gbọ́ yín." Lọ́yà á dáhùn pé, "Ta ló sọ fún ọ pé kò lè gbọ́?"

Ọ̀tọ̀ ni ti Bàbá Kékeré. Àbúrò Lọ́yà ni, ó ń ta bébà àti yíǹkì fún àwọn ọ́fíìsì, táì kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ìbáà jẹ́. Ó fẹ́ràn Ikán bí ọmọ inú ara rẹ̀. Ọdọọdún, bí ọjọ́ ìbí Ikán bá pé, yóò ra ìwé fún un, ṣùgbọ́n ìwé tí ń kọ́ni bí a ṣe ń tún ayé ẹni ṣe ni. Ọ̀kan ń jẹ́ *Oorun Rẹ Lọ̀tá Rẹ*. Ọ̀kan ń jẹ́ *Di Ọlọ́lá Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́*. Ọ̀kan wà tí àwòrán ọkùnrin kan wà lára rẹ̀, tó ká apá mọ́ àyà, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ ẹran aládùúgbò tí wọn kò tíì mọ̀.

Bàbá Kékeré ti rí kàlẹ́ńdà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn rí. Ó kà á tán, ó mi orí, ó ní, "Ọmọ mi, gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló máa gbé ọ dókè?"

Ikán ní, "Bàbá Kékeré, ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tó kọ èyí tí ẹ rà wá yìí, iṣẹ́ wo ló ṣe tó fi là?"

"Òǹkọ̀wé ni."

"Ìwé wo ló kọ?"

"Ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń là ni."

"Ó dáa. Ìyẹn ni pé títa ìwé bí a ṣe ń là ló fi là. Àwa tí a rà á wá ńkọ́?"

Lọ́yà bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di àga mú. Bàbá Kékeré náà kò lè mú ojú le mọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu yín lọmọ yìí jogún. Ẹ kò lè sọ pé kì í ṣe tiyín."

Ikán kì í dẹ́kun àròyé nípa àwọn ìwé náà. Ó ní bí jíjí ní kùtùkùtù bá ń sọni di ọlọ́rọ̀, màmá òun ni ìbá ra gbogbo òpópónà yìí, nítorí bẹ́kìrì ni màmá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń lọ po ìyẹ̀fun nígbà tí àkùkọ ṣì ń sùn. Ó ní àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyí kò ní màmá, wọn kò ní àìsàn, òrùlé ilé wọn kì í jò. Inú wọn ṣáà ń dùn ni láti ojú ewé kìíní dé ìparí. Nígbà tí tábìlì ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, nítorí ilé káfíńtà náà ni tábìlì ti ń mì, *Di Ọlọ́lá Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́* ló fi há ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dá mọ́ Lọ́yà lẹ́nu.

Òun àti wẹ́dà tó ń jó irin, tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kọjú síra, ló ń jiyàn bóyá òjò máa rọ̀. Wẹ́dà ní òjò ń bọ̀. Lọ́yà ní ìkùukùu lásán ni, ó sì ń fa ìfági lórí pákó bó ṣe ń ka ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀. Ṣàdédé ló dákẹ́. Wẹ́dà kọ́kọ́ yọ̀, ó rò pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun, òun borí. Ìgbà tó gbọ́ tí ìfági jábọ́ ló yíjú, ó rí i tí ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọrọ. Wẹ́dà kò dúró bọ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ kúrò. Ó gbé e sẹ́yìn bí ẹni gbé ọmọ, ó sáré bọ́ sí títì, ó ń pariwo kí ọlọ́kọ̀ dúró.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe tètè gbé e dé ló kó o yọ. Ẹ̀mí rẹ̀ dúró. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé e wálé. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ló ti fi í sílẹ̀ lọ, àfi ẹyọ kan tó kù sí i lẹ́nu: "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ebi ń pa yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, á fi ọwọ́ òsì tì í sẹ́yìn.

"Ṣé ẹ ti yó ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n á gbé oúnjẹ lọ, omi á lé ròrò sójú rẹ̀, nítorí ebi ń pa á ní tòótọ́, omi ló kàn fẹ́ kọ́kọ́ mu. Ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni wọlé rí wá di ẹni tó ń gba gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ sì ń sọ ọ́ kedere pé òun kọ́ ló ń sọ ọ́, ẹnu òun ló ń da òun.

Lọ́jọ́ kan, wẹ́dà wá kí i. Ó fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín, ó ní, "Lọ́yà, ẹjọ́ òjò ọjọ́sí, ṣé o gbà pé èmi ni mo jàre?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Lọ́yà wí.

Wẹ́dà kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ògiri, ó ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ní ekuru ni.

Obìnrin kan wà nílé ìwòsàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ ti sọnù lẹ́nu wọn bí wọn yóò ṣe tún máa sọ ọ́. Èèyàn kúkurú ni, bàtà kànfáàsì ló máa ń wọ̀, ó máa ń yára rìn bí ẹni tí ìkòkò ń hó dè nílé. Ikán sọ ọ́ ní Olùkọ́ Ọ̀rọ̀. Ó máa ń wá sílé wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wo Lọ́yà lójú, ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ wà nínú yín o. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ló há. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe ilẹ̀kùn, ẹ mọ̀ pé èyí tó bá há, a kì í fi tipátipá ṣí i. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa mì ín." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ikán, ó ní, "Máa kàwé fún wọn lójoojúmọ́. Bó o bá dé ìparí gbólóhùn, dúró, kí àwọn fúnra wọn parí rẹ̀. Bí wọn kò bá tiẹ̀ lè parí rẹ̀, má kánjú. Ṣáà má fo ọjọ́ kankan."

Ikán kò fo ọjọ́ kankan. Bó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù dé, pẹ̀lú òwú lára aṣọ, á fa àga sún mọ́ ti bàbá rẹ̀. Ó ka àwọn ìtàn tó mọ̀ pé bàbá òun fẹ́ràn jù. Lọ́yà á tẹ́tí sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá dé ibi tí ẹnìkan nínú ìtàn ti hùwà òmùgọ̀, ara Lọ́yà á yá, á nà sókè, á ya ẹnu, ọ̀rọ̀ á kó dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni." Á wá di ojú rẹ̀ bí ẹni tí aṣọ já lára rẹ̀ láwùjọ. Nígbà tó pẹ́, Ikán bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn ibi tó dùn jù nínú ìtàn, kó má baà rí ojú yẹn mọ́. Àwọn ibi tó tutù ló ń kà. Òun náà mọ̀ pé òun ń bẹ̀rù.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. Wọ́n ti ti ilé ìkàwé àdúgbò nítorí òrùlé tí wọ́n ń tún ṣe, Ikán sì ti dá gbogbo ìwé tó yá níbẹ̀ padà. Ó wá káàkiri ilé, kò rí èyí tí wọn kò tíì kà mọ́. Ó ṣáà ti ṣèlérí pé òun kò ní fo ọjọ́ kankan. Ojú rẹ̀ bá lọ sí ẹsẹ̀ tábìlì. Ó gbé ìgò omi kúrò lórí tábìlì, ó yọ *Di Ọlọ́lá Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́* lábẹ́ rẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù.

"Bàbá," ó ní, "ẹ fojú fò ó fún mi lónìí. Ẹni tí kò rí ẹja, á fi egungun rẹ̀ sebẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Màmá rẹ̀ ti ti ẹnu iṣẹ́ dé, ó ti sùn lọ lórí àga tó wà ní ìkangun yàrá, ìyẹ̀fun ṣì wà lára gèlè rẹ̀ àti ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, bàtà kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìkejì kò tíì bọ́. Ikán rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí tirẹ̀. Ó gbé imú sókè bíi Bàbá Kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á:

"'Ìwọ òǹkàwé mi, òṣì kì í wọ ilé ẹni tó ń jí ṣáájú àkùkọ. Àwọn tó kù díẹ̀ káàtó láyé, oorun ló pa wọ́n. Wo gbogbo ẹni tó ń jí ní kùtùkùtù, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́…'"

Ó dúró níbẹ̀, bí Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ ṣe kọ́ ọ, kí bàbá rẹ̀ lè fi "tálákà" parí rẹ̀.

Lọ́yà kò sọ tálákà. Ó wo ìwé. Ó yíjú wo ìyàwó rẹ̀ tó sùn lọ tòun ti bàtà ẹyọ kan. Ó tún wo ìwé. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọwọ́ òsì rẹ̀ di apá àga mú ṣinṣin.

"Rá…"

Ikán sún mọ́ ọn.

"Rá… rárá."

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ Ikán. Ó yára he é, ó wá ojú ewé náà rí, ó tún un kà: "'Òṣì kì í wọ ilé ẹni tó ń jí ṣáájú àkùkọ…'"

"Rárá! I… irọ́! Irọ́!"

Màmá ta jí. "Ta ló ń jà? Ta lẹ̀ ń bá jà?"

"Bàbá ni, Màmá! Ìwé ni wọ́n ń bá jà!"

Obìnrin náà dìde pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ó tiro dé iwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá Ikán, kí lẹ wí? Ẹ tún un wí kí n gbọ́."

"Rárá."

"Ṣé ẹ̀ ń bá mi jà ni?"

"Rárá!"

"Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun, olówó orí mi. Ẹ tún un wí."

Obìnrin tó ti ń jẹ ìyà "rárá" láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ wá kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún un bí ẹni ń tọrọ ọmọ. Ó da ìbéèrè bo ọkọ rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ tíì? Rárá. Ṣé kí n pa fèrèsé dé? Rárá. Ṣé kí n kó lọ sílé màmá mi? Lọ́yà wò ó, ìdajì ojú rẹ̀ tó yè rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín papọ̀. Nínú ẹ̀rín náà ni Ikán ti rí i pé ojú òun ti kún fún omi, òun kò sì mọ ìgbà tó dé.

Wọn kò dá ìwé yẹn padà sábẹ́ tábìlì mọ́. Lójoojúmọ́ ni Ikán ń ka àbá kan sókè, Lọ́yà á sì dojú ìjà kọ ọ́. Wọ́n dé ibi tí òǹkọ̀wé ti ní kí èèyàn máa wo ara rẹ̀ nínú dígí kó máa yin ara rẹ̀, Lọ́yà ní, "Wèrè." Wọ́n dé ibi tó ti ní ẹni tó bá ń ṣàìsàn, ìrònú rẹ̀ ló fà á. Lọ́yà fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò gbéra mọ́, ó gbé e lé orí ìwé náà, ó ní, "Wá… wò ó. Wá wò ó." Ọ̀rọ̀ máa ń jáde ní òdì nígbà mìíràn. Ó pe ìyàwó rẹ̀ ní òòlù, ó pe òòlù ní búrẹ́dì, inú sì ń bí i gan-an. Ṣùgbọ́n ìbínú náà gan-an ló ń ti ọ̀rọ̀ tó kàn jáde. Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ wá, ó gbọ́ ọ, ó fò sókè nínú bàtà kànfáàsì rẹ̀. Ó yá ìwé náà lọ fún aláìsàn rẹ̀ mìíràn, ẹni tó ti fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi dá a padà. Ó ní kò ṣiṣẹ́ fún ìyẹn. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Bàbá Kékeré yọjú, ọsàn wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ohùn Ikán, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó ń kà. Ó na apá méjèèjì, ó ní, "Mo ti ń wí i! Mo ti ń wí i fún yín nínú ilé yìí! Ìwé yìí ń ṣiṣẹ́!"

Ikán wo ìsàlẹ̀. Kò mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́.

Lọ́yà ló sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó nàka sí àbúrò rẹ̀. "Irọ́," ó ní. "Ìwé… rẹ. Irọ́ ni. Gbogbo ẹ̀."

Ọsàn dà sílẹ̀, wọ́n yí lọ sábẹ́ àga. Bàbá Kékeré kò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti táì. Ó ní, "Ẹ bú mi sí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi sí i." Lọ́yà sì bú u, ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ bú u, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, títí kan "búrẹ́dì."

Nígbà tó ń lọ, Ikán sìn ín dé ẹnu géètì. Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ má bínú. N kò gba àwọn ìwé yín gbọ́, bó ti wù kó rí."

Bàbá Kékeré tún táì rẹ̀ ṣe. "Ta ló ní kó o gbà wọ́n gbọ́? Ìgbà kan wà tí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, o ṣì kéré nígbà náà. Ojú ń tì mí. Láàárọ̀ n ó múra, n ó de táì, n ó sì lọ jókòó sí ọgbà ìgbafẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ará ilé má baà mọ̀. Ẹnìkan gbàgbé irú ìwé yẹn sórí bẹ́ǹṣì. Mo kà á. Mo mọ̀ pé àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀la mi ṣì ń bọ̀. Ìdí tí mo fi ń rà á fún ọ nìyẹn. Mo fẹ́ kó wà nílé rẹ, tí ọjọ́ bá le."

Ikán kúnlẹ̀ níbẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," kì í sì í ṣe irú ẹ ṣeun tó ti ń sọ lọ́dọọdún.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Kékeré ti di ọdẹ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìwé tó bá gbà kọjá, á yà wọ́n, á sọ fún wọn pé, "Ẹ bá mi wá èyí tí irọ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù." Obìnrin kan tó ń tàwé kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ wá fẹjọ́ sun òun ni. Nígbà tó gbọ́ ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n sọ́tọ̀ dè é. Bàbá Kékeré á gbé wọn dé, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ní èèyàn lè di alágbára bó bá ń fi omi tútù wẹ̀." Ojú Lọ́yà á tàn bí ti ẹni tí wọ́n gbé ẹran kalẹ̀ fún. Ó tún ra ìwé ẹyẹ kan mọ́ ọn fún Ikán, aláwòrán mèremère. Wàásù kékeré kan wà níwájú rẹ̀, nípa bí èèyàn ṣe lè fi ara wé ẹyẹ idì. Ikán fi bébà funfun lẹ ibẹ̀ pa.

Gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ló padà. Ọwọ́ ọ̀tún Lọ́yà kò lè fa ìfági mọ́ títí dòní, wẹ́dà ló sì bá a wá ọmọkùnrin káfíńtà mìíràn tó ń lo ṣọ́ọ̀bù náà, Lọ́yà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí pákó kò ti gún. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ikán kò sì di onígbàgbọ́ nínú ìwé ọlọ́gbọ́n. Bí ẹ bá bi í, yóò sọ fún yín pé púpọ̀ nínú wọn, ẹni tí ara rẹ̀ le ló kọ wọ́n fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ó máa ń nu eruku ara wọn, kì í sì í jẹ́ kí àlejò fi wọ́n rẹ́rìn-ín lójú Bàbá Kékeré.

Lọ́jọ́ kan báyìí, Ikán wà lórí àkàbà nílé oníbàárà kan, ó ń fi ìkọ́ kọ́ kọ́tìnì aláwọ̀ búlúù kan, ni fóònù rẹ̀ dún lápò. Ó wò ó: nọ́ńbà ilé. Màmá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ nìkan ló wà nílé, bàbá rẹ̀ kò sì tíì fi fóònù pe ẹnikẹ́ni láti ìgbà tí ó ti ṣàìsàn, nítorí orí fóònù kò ní ojú tàbí ọwọ́ tí èèyàn lè fi ran ẹnu lọ́wọ́.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá? Bàbá, ṣé kò sí o?"

Ó gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń mí.

"Ikán."

"Mo wà ńbí, sà."

"Aṣọ… aṣọ wà… níta. Òjò. Òjò ń… bọ̀. N kò lè… ká a. Wá… wá…" Ó dúró. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó kù. Ikán mọ ọ̀rọ̀ náà, ó wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò bá a sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ kan di àkàbà mú, kọ́tìnì búlúù wà léjìká rẹ̀, oníbàárà dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó. "Wá… kíá."

"Mo ń bọ̀, Bàbá."

"Tètè o," ni Lọ́yà wí, ó sì pa fóònù mọ́ ọn létí.

Oníbàárà gbójú sókè, ó rí omi lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan, mà," ni Ikán wí, ó sì ń sọ̀kalẹ̀. "Bàbá mi ni. Wọ́n ní kí n tètè wá kó aṣọ."